Oògùn Orí Tábìlì Ìlọṣọ

Ìyá ìyàwó mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun nílé. Nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ṣì ń wá bàtà wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun á ti so ìborùn mọ́rí, á ti wọ bàtà ìsáré tí ọmọ rẹ̀ rà fún un, á sì ti bọ́ sójú títì. Á gba iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, á yípo pápá ìṣeré, á gun afárá, á sọ̀ kalẹ̀, kó tó padà wálé wá mu tíì tí kò ní ṣúgà. Àwọn èèyàn á máa kí i lójú ọ̀nà pé, "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ara o! Ẹ̀yin lẹ mọyì ìlera." Òun náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ ṣé o, ọmọ mi."

Irọ́ pátápátá ni. Kì í ṣe ìlera ló ń wá. Ọkùnrin kan wà tí ìyá fẹ́ pẹ́ láyé jù ú lọ, kí òun lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin ín. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí àna máa tú àṣírí àna rẹ̀ síta báyìí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Nígbà tó ń sọ ọ́, ó ń yọ ẹ̀gún ẹja kúrò lẹ́yìn eyín. Ó ní, "Màá sin ín. Màá wọ aṣọ tó dáa, màá sì sin ín."

Alágbàfọ̀ ni, òun àti ọkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ìkòríta, ó kọjú sí géètì ilé ìwòsàn ńlá. Òun ń fọ̀, ọkọ rẹ̀ ń lọ̀ ọ́. Àwọn dókítà ni oníbàárà wọn jù lọ, kóòtù funfun lórí kóòtù funfun, tí ṣọ́ọ̀bù náà fi dà bí ibi tí wọ́n ń sá ìkùukùu sí. Bàbá ìyàwó mi ní ọ̀nà kan tó ń gbà lọ apá kóòtù. Kì í jẹ́ kí ìlà hàn lára rẹ̀. Yóò ká aṣọ ìnura, yóò tì í sínú apá náà, yóò wá máa yí i bó ṣe ń lọ̀ ọ́, títí yóò fi rí roboto bí apá èèyàn. Kò sí alágbàfọ̀ mìíràn ládùúgbò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, wọ́n á sì fi ìlà sí i bíi ti páálí.

Nígbà tó yá, èémí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Bó bá gbé áyọ́ọ̀nù, á gbé e kalẹ̀, á di tábìlì mú, á máa mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ajá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní kó wá sọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ ti le, kò ṣí dáadáa mọ́. Wọ́n ní ìtọ́jú tuntun kan ti dé tí àwọn ń dán wò, tí wọn kì í la àyà rárá. Inú iṣan itan ni wọ́n ń gbà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn tuntun lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé inú ọkàn. Ìyá dúpẹ́. Ó ti ń ronú irú ọbẹ̀ tí yóò sè lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá padà sílé.

Dókítà tó ń darí ìdánwò náà ni ìyá ń pè ní Aláṣọ Funfun. Oníbàárà wọn ni, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fọ aṣọ rẹ̀. Ó pe ìyá sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó dúró, kò jókòó. Ó ní, "Ìyá, a ní gbèdéke ọjọ́ orí, baba sì ti kọjá rẹ̀. Ọkàn tó ti gbó báyìí, kí la tún fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ọjọ́ ṣì wà níwájú wọn." Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń ju ọwọ́, apá kóòtù rẹ̀ sì rí roboto, kò ní ìlà kankan. Ọkọ ìyá wà lórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n délé. Ìgbà tí bàbá jókòó tán ló ní, "Ó ní mo ti gbó." Kóòtù Aláṣọ Funfun tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sídìí rẹ̀, pé iṣẹ́ oníbàárà kì í sùn sílẹ̀. Orí àga ló jókòó sí lọ̀ ọ́, ìyá di aṣọ ìnura mú fún un. Iṣẹ́ ìkẹyìn tó ṣe nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ìyá gbé kóòtù náà lọ fún oníkóòtù. Aláṣọ Funfun gbà á, ó sọ ọ́ sí èjìká, ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ bá mi kí baba o."

Ẹ bá mi kí baba! Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ṣúgà sú ìyá ìyàwó mi. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ó dín iyọ̀ kù, ó dá ọ̀rá dúró, ó ń sùn lásìkò, ó sì yọ orúkọ ọkùnrin náà kúrò nínú àwọn tí yóò tún fọ aṣọ fún láyé. Ìyàwó mi ń yọ̀ pé màmá òun ti ń tọ́jú ara. Èmi náà ń yọ̀, nítorí mi ò tíì mọ nǹkan kan nígbà náà.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, a wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń tún fíríìjì wọn ṣe, torí iṣẹ́ mi nìyẹn, ni rédíò bá ń polongo pé ilé ìwòsàn ńlá ń wá àwọn àgbà tó ti lé ní márùndínlọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n ní oògùn ọkàn tuntun kan wà tí wọ́n ti dán wò lára àwọn tó kéré sí wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa ṣe lára àgbà, nítorí pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń yọ àwọn àgbà sẹ́yìn nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ń darí rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi dágbére nìyí, pé ó máa fẹ̀yìn tì tó bá parí rẹ̀.

Ìyá fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ. Ó ní, "Mú ọkọ̀ jáde."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí fíríìjì yìí ná, mà."

Ó ní, "Fíríìjì ò ní kú."

Aláṣọ Funfun kò dá a mọ̀. Irun rẹ̀ náà ti funfun, ó sì ti tẹ̀ díẹ̀. Ó bọ ìyá lọ́wọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ ti ń káàárẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì burú, irú ẹni tí àwọn ń wá gan-an nìyí. Ìyá ń wò ó lójú kòrókòró. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń dúró kó rántí ni, pé tó bá jẹ́ pé ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìyàwó baba alágbàfọ̀ nìyí?" bóyá òun ì bá dìde kí òun máa lọ ilé òun. Kò rántí. Ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé fún gbogbo wọn lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní inú ike tí wọ́n máa fún àwọn kan, oògùn gidi ló wà níbẹ̀. Inú ti àwọn mìíràn, hóró òfìfo tí kò ní oògùn nínú ni, ojú méjèèjì rí bákan náà. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ti ẹni tó ń jẹ èwo, títí kan Dókítà fúnra rẹ̀. Tí àwọn tó ń jẹ gidi bá sàn ju àwọn tó ń jẹ òfìfo lọ, a jẹ́ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lára àgbà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má da tiyín pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Tí ẹ bá dà á pọ̀, gbogbo iṣẹ́ wa dòfo nìyẹn."

Ìyá ní, "Ẹ tún un sọ, ọmọ mi. Ẹ ṣàánú etí àgbà."

Etí tó ń gbọ́ tí mo bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ní kíṣìnnì! Nọ́ọ̀sì tún un sọ. Ìyá ní, "Ẹ ṣé o. Ó ti yé mi."

Ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń pè ní Baba Awakọ̀. Ó wa ọkọ̀ àjàgbé títí ojú fi dá a dúró, ẹ̀rín rẹ̀ sì ga ju ọkọ̀ àjàgbé náà lọ, ṣùgbọ́n kì í lè rẹ́rìn-ín tán mọ́ kí ikọ́ tó gbà á. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a wá, òun kò sí nínú ìdánwò, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Ó máa ń gbé ìrọ̀rí kékeré kan dání tó ń tì sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í kọjá orí ìrọ̀rí náà. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì tún wà níbẹ̀, Tíṣà la mọ̀ ọ́n sí, pẹ̀lú obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì.

Nọ́ọ̀sì ò tíì rìn jìnnà tí Baba Awakọ̀ fi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ná. Àgbà mélòó kan jókòó, wọ́n gbé abọ́ fún wọn, ẹran wà nínú ti àwọn kan, omi lásán wà nínú ti àwọn tó kù, wọ́n wá ní kí oníkálukú má wo abọ́ ẹnìkejì?"

Tíṣà ní, "Ìwà ìrẹ́jẹ ni."

Oníbúrẹ́dì ní, "Èmi ò lè máa gbé e mì kí n sì mọ̀ pé ìwọ ń mu omi lásán. Kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

Baba Awakọ̀ ní, "Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní."

Ìyá ìyàwó mi ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà, níwájú géètì níbẹ̀ yẹn ni."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gba ike tuntun, wọn yóò sọdá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìlọṣọ, oníkálukú á tú ike tirẹ̀ sórí rẹ̀, ìyá á fi àtẹ́lẹwọ́ pò ó pọ̀ dáadáa, Tíṣà á sì máa fi rúlà pín in. Wọ́n ń ṣàdúrà sí i. Wọ́n ń ṣe àwàdà. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé tíì ni wọ́n ń mu. Inú àwọn yòókù mọ́, mo lè búra fún un. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pín in. Àna mi nìkan ló mọ ohun tó ń pín. Nígbà tó yá, àwọn tó ń wá lọ́jọ́ mìíràn gbọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín in nínú ilé ara wọn, kò sì sí ike kan mọ́ nínú ìdánwò náà tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fún nìkan.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni pé ara Baba Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ìdajì ìdajì ni oògùn gidi ń kàn án, síbẹ̀ wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn láìdúró, ó sì ń rẹ́rìn-ín dópin. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò gbé ìrọ̀rí wá mọ́. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kó wọn jọ, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa." Ìyá ṣe àmín. Àdúrà tó bá èrò rẹ̀ mu ni.

Ọjọ́ tí ìwádìí parí, wọ́n pe gbogbo wọn sí gbọ̀ngàn. Mo tẹ̀ lé e lọ. Aṣọ tó ti ń pa mọ́ de ìsìnkú ọkùnrin náà ló wọ̀. Aláṣọ Funfun dìde, ó ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó wá ní àwọn tó jẹ oògùn gidi àti àwọn tó jẹ òfìfo, ọgbọọgba ni wọ́n rí, kò sí ìyàtọ̀. Ó ní ó dun òun láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí sọ ni pé oògùn náà kò wúlò fún àgbà. Ohùn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó jókòó kó tó parí ọ̀rọ̀. Ni ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ìyá ìyàwó mi ni. Àwọn èèyàn rò pé ó fẹ́ fi tu ọkùnrin náà nínú, àwọn náà bá a pàtẹ́wọ́. Aláṣọ Funfun wò ó, ó tẹrí ba, ó dúpẹ́.

Nígbà tí a délé, ìyá bu ṣúgà sí tíì. Ó rò ó, ó mu ún, ó lá ṣíbí. Ó ní, "Ó dùn." Mo rò pé tíì ló ń sọ.

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ilé ìwòsàn ṣòfin lórí ìwádìí náà pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní márùndínlọ́gọ́rin ọdún ní oògùn yẹn, oògùn náà kò sì tíì dé ọjà. Ti ọwọ́ Baba Awakọ̀ tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún wú. Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀, dókítà kékeré kan ní wíńdò sọ fún un pé, "Wọ́n ti dán an wò lára àwọn àgbà, kò ṣiṣẹ́. Baba ti dàgbà, mà." Ló bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ìrọ̀rí ti padà sábẹ́ apá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pàtẹ́wọ́ fún Dókítà lọ́jọ́ yẹn, ó sì tẹrí ba fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ara ọkọ mi mọ oògùn yẹn."

Ìyá ní òun ti gbọ́. Nígbà tí Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ tán, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ. Ó lọ èyí tó wà nílẹ̀, ó tún lọ èyí tó ti lọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, láti orí apá kóòtù títí dé orí tábìlì.

Mo pariwo. N kì í pariwo mọ́ àna mi, ṣùgbọ́n mo pariwo. Mo ní, "Ẹ lọ sọ fún ọkùnrin náà kíákíá!"

Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á tún dìde. Wọ́n á ní kì í ṣe oògùn rẹ̀ ló burú. Orúkọ rẹ̀ á tún mọ́."

"Ìyá, ẹ̀mí èèyàn ni o!"

"Ti ọkọ mi ńkọ́? Ti ewúrẹ́ ni?"

Mo jókòó sórí àga tí bàbá ìyàwó mi jókòó sí lọ kóòtù ìkẹyìn. Ìyá wo àga náà, ó wò mí, ó ní, "Mú ọkọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ti oògùn lẹ́nu mi kó tó kọ́kọ́ gbọ́ ti ọkọ mi."

Bí a ṣe ń jáde ni Ìyá Jẹ́jẹ́ ń bọ̀. Ó ní òun náà á bá wa lọ kúnlẹ̀. Kí la fẹ́ sọ fún un? A ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

Aláṣọ Funfun ń kó ìwé sínú páálí ní ọ́fíìsì. Ó ní ká jókòó. Ìyá ní rárá, ẹnu ọ̀nà tí òun dúró sí ti tó òun. Ó ní, "Dókítà, ṣé o mọ̀ mí?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, mà."

"Ṣáájú ìyẹn."

Ó ronú. "Ẹ máa bínú, mà."

"Ọkọ mi ló ń lọ kóòtù rẹ tí kì í fi í ní ìlà lápá. Ẹnu ọ̀nà yìí lo ti sọ fún mi pé ọkàn rẹ̀ ti gbó, kí la tún fẹ́ fi ṣe. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí, ó gbọ́ ọ. Nígbà tí mo sin ín tán, mo gbé aṣọ rẹ wá, o ní kí n bá ọ kí i."

Aláṣọ Funfun wo apá kóòtù ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀. Ìlà wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ká sọ òótọ́, mi ò rántí."

"O ò lè rántí. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jí rìn láràárọ̀, kí n lè pẹ́ jù ọ́ lọ, kí n lè sin ọ́. Nígbà tí mo rí i pé ikú rẹ ò tètè dé, mo bá iṣẹ́ rẹ jà." Ó wá sọ ti tábìlì ìlọṣọ fún un, bí wọ́n ṣe ń dà á pọ̀, bó ṣe ràn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. "Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé yóò dòfo. Mo ní kó tún un sọ, kó lè dá mi lójú. Àwọn yòókù kò mọ̀. Èmi mọ̀."

Mo retí kí ọkùnrin náà bínú. Ó jókòó sórí páálí, ó fọwọ́ bojú. Nígbà tó ṣí i, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "A jẹ́ pé ó lè jẹ́ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́! Ìyá, ó lè jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ o!"

Inú rẹ̀ dùn. Mo rí i bí ìyẹn ṣe gún àna mi. Gbogbo ohun tó fi ọdún kó jọ láti fi ba ọkùnrin yìí nínú jẹ́, ayọ̀ ló fi fún un ní ẹnu ọ̀nà kan náà. Ó ní, "Má yọ̀. Fún Baba Awakọ̀ ní oògùn."

Aláṣọ Funfun gbé fóònù. Ó bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, ó bẹ̀, ó jágbe, ó tún bẹ̀. Wọ́n ní òfin ṣì ni òfin. Tí ìwádìí bá bàjẹ́, kí wọ́n tún òmíràn ṣe, kí ìgbìmọ̀ sì jókòó lé e lórí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oògùn. Ó sọ fóònù náà kalẹ̀, ó ní òun ń lọ bá wọn lójúkojú. N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ pé ó sáré.

Ìgbà yẹn la tó rántí Ìyá Jẹ́jẹ́. Ó wà lórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìrọ̀rí lórí itan. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Ìyá Jẹ́jẹ́ dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà kọjá bí ẹni tó ń yẹra fún igi. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run dá owó epo mi padà. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún.

Baba Awakọ̀ kò dúró de ìgbìmọ̀. Orí àga ló kú sí, ó ń sọ ìtàn ọkọ̀ àjàgbé kan, kò sì rí i sọ parí. Ìyá lọ kí wọn. Wọ́n ní Ìyá Jẹ́jẹ́ ń sùn. Ó tún lọ. Wọ́n ní ó ń sùn. Ó fi ẹ̀bẹ̀ rán ìyàwó mi, ó fi rán èmi, ó gbé aṣọ Baba Awakọ̀ tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, ó lọ̀ ọ́, ó ti aṣọ ìnura sínú apá rẹ̀ bíi ti ọkọ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n gba aṣọ náà. Wọn ò fèsì.

Wọ́n ti tún ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ báyìí. Aláṣọ Funfun kò fẹ̀yìn tì mọ́, wọ́n ní ara rẹ̀ le koko. Wọ́n kọ̀wé sí gbogbo àgbà àdúgbò pé kí wọ́n wá, àfi ìyá ìyàwó mi. Kò dùn ún. Ó ní òun ṣì ní ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kan tí mo bá a jáde láàárọ̀ torí pé ọ̀nà ń yọ̀, a ti kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà tí a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa. Ẹsẹ̀ náà kò yára, kò falẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni, ó wọ bàtà ìsáré tuntun, ó so ìborùn mọ́rí, kò gbé ìrọ̀rí.

Ìyá dúró. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i, ó rò pé ìjà ti parí. Ó ní, "Ìyá Jẹ́jẹ́! Ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà Dókítà lẹ ti sọ ohun tí ẹ fi ń rìn." Ohùn rẹ̀ kò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ẹ má dúró dè mí, mà. Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Ìyá yí padà, ó ń lọ. A yípo pápá, ẹsẹ̀ náà wà lẹ́yìn wa. A gun afárá, ó wà lẹ́yìn wa. Ẹnìkan kí i láti òdìkejì pé, "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ara o!" Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìyá ìyàwó mi kò dúró dáhùn. Ó di apá mi mú, ó ní, "Yára díẹ̀, ọmọ mi."